Ewu Ń Bẹ Lóko Lóńgẹ́: Ààbò àti Àlàáfíà Òṣìṣẹ́ ní Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí iṣẹ́ ìròyìn lédè Yorùbá ló dá lé ìlò èdè: ìtumọ̀ ìròyìn, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo èdè náà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ kókó ìwádìí. Iṣẹ́ yìí yí ojú sí òṣìṣẹ́ náà. Ó fi òwe Yorùbá kan pín ewu iṣẹ́ ìròyìn sí méjì, èyí tó ti ìta wá àti èyí tó ti inú ètò ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá. Ó ṣàlàyé ohun tí òfin Nàìjíríà sọ nípa méjèèjì, ó sì fi hàn pé ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni ààbò, a kò gbọdọ̀ fi ìgboyà òṣìṣẹ́ dípò rẹ̀.

1. Ìfáàrà

Lọ́dọọdún ni mo máa ń fọwọ́ sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, tẹlifíṣàn tàbí ti ìwé ìròyìn. Ìwé náà béèrè orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ àti iye ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò níbẹ̀. Kò sí ìlà kankan tó béèrè ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò béèrè.

Ìbéèrè náà ní ìdí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2019, ìbọn pa Precious Owolabi, agùnbánirọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú tẹlifíṣàn Channels, níbi tó ti ń kó ìròyìn jọ nípa ìkọlù tó wáyé láàárín àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Shi'a ní Àbújá. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Pẹ̀lúmi Onífádé, ọmọ ọdún 20 tó ń ṣiṣẹ́ fún Gboah TV, jáde lọ ya àwòrán rògbòdìyàn ní Agége nílùú Èkó; ilé ìgbókùúsí ní Ìkòròdú ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń fọwọ́ sí ìwé wọn ni àwọn méjèèjì.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ pàtàkì inú àkọlé wa wò. Láti inú èdè Lárúbáwá ni *àlàáfíà* ti wọ inú èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílé. Bí a bá bi ènìyàn pé "Ṣé àlàáfíà ni?", ara rẹ̀ là ń béèrè, ọkàn rẹ̀ là ń béèrè, ilé rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà là ń béèrè. Ìwé òfin máa ń ya ààbò ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìlera ọpọlọ, ó sì máa ń ya méjèèjì kúrò lára owó oṣù. Ìkíni Yorùbá kò yà wọ́n. Ìtumọ̀ tó gbòòrò yìí ni a ó lò nínú iṣẹ́ yìí: òṣìṣẹ́ tí ìbọn kò bà, ṣùgbọ́n tí kò lè sùn, kò tíì ní àlàáfíà.

2. Òwe náà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ pàápàá, ewu ni." Ohun méjì ni ẹni tó ń lọ sí oko yìí ní láti ṣọ́ra fún. Ó lè tẹ ejò mọ́lẹ̀, ó sì lè kó sí pàkúté. Bí ó bá bọ́ nínú ìwọ̀nyí tán, olóko fúnra rẹ̀ ṣì ń dúró dè é. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi kìlọ̀ nípa ẹni tó burú ju ibi tó ń gbé lọ. Ní tiwa, ìpín méjì tó wà nínú rẹ̀ ni a nílò. *Ewu oko* ni gbogbo ohun tó lè ṣe òṣìṣẹ́ ní ìjàǹbá láti ìta: ìbọn, bọ́ǹbù, àwọn jàǹdùkú, ọ̀nà tí kò dára. *Ewu Lóńgẹ́* ni èyí tó ti inú ètò ilé-iṣẹ́ wá: àkókò iṣẹ́, owó oṣù, irinṣẹ́, ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

A kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni ní ènìyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ olóòtú ló fẹ́ràn àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn dénú. Ṣùgbọ́n inú rere kò dí ihò tó wà nínú ètò. Olóòtú tó ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn fún akọ̀ròyìn tó ń ṣàìsàn ṣì lè jẹ́ ẹni tó kọ orúkọ akọ̀ròyìn kan náà sí iṣẹ́ òru fún ọjọ́ mẹ́sàn-án léraléra.

Ìpín méjì yìí wúlò nítorí pé a kì í ka ewu méjèèjì sí bákan náà. Bí wọ́n bá yìnbọn lu akọ̀ròyìn, gbogbo ìlú ni yóò pariwo, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn yóò kọ̀wé, ìjọba yóò sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé olóòtú ṣubú lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí kò gba ìsinmi, ìkéde òkú rẹ̀ yóò kà pé ó papòdà "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Gbólóhùn yìí ti di àkànlò nínú ìkéde òkú lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn wa, débi pé a kì í bi ara wa mọ́ pé, ṣé òótọ́ ni àìsàn náà jẹ́ ránpẹ́.

3. Ewu oko: ohun tó ń ti ìta wá

Ìtàn iṣẹ́ ìròyìn ní Nàìjíríà kún fún ewu oko. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú àpò ìwé pa Délé Gíwá, olóòtú àgbà ìwé ìròyìn *Newswatch*, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹrin, ọdún 2012, bọ́ǹbù bú ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn *ThisDay* ní Àbújá. Lọ́jọ́ kan náà, òmíràn bú ní Kàdúná níbi ilé tí *ThisDay* àti àwọn ìwé ìròyìn mìíràn jọ ń lò. Ẹgbẹ́ Boko Haram sọ pé àwọn ni àwọn ṣe é. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ní ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ ìyìnbọn tó wáyé ní Lẹkí, àwọn ènìyàn kan dáná sun ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn TVC ní Èkó, wọ́n sì kọlu ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn *The Nation* pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tí a kì í sábà tọ́ka sí. Inú ilé rẹ̀ ni Gíwá wà. Inú ọ́fíìsì ni àwọn òṣìṣẹ́ *ThisDay* àti TVC wà. Èrò wa ni pé ẹni tó jáde lọ sí pápá nìkan ló wà nínú ewu, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ààbò fi máa ń parí sí ẹ̀wù adàbòbò àti akoto. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn máa ń bá ènìyàn délé. Asọ́nà ẹnu géètì, akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú òpó agbóhùnsáfẹ́fẹ́, gbogbo wọn ló wà lóko Lóńgẹ́.

Ewu oko tó wọ́pọ̀ jù lọ kò sì ní ariwo bọ́ǹbù. Ojú ọ̀nà ló wà. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí yóò ka ìròyìn aago 6 òwúrọ̀ ní láti kúrò nílé ní aago 4 ààbọ̀. Ẹni tó ka ti aago 10 alẹ́ yóò máa wá ọ̀kadà ní aago 11. Obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ iye ìgbà tó ti dá dúró ní oríta lókùnkùn, tó ń wo iná ọkọ̀ tó ń bọ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá kí òun nawọ́ sí i tàbí kí òun sá. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ka wákàtí yìí mọ́ iṣẹ́.

4. Ewu Lóńgẹ́: ohun tó wà nínú ètò

Yorùbá máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Ọ̀rọ̀ ìṣírí ni fún ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka iwájú ẹ̀rí ìmọ̀ ìṣègùn, ó nílò àtúnṣe. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n rí i pé ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí ènìyàn 745,000 ló kú nípa rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó tan mọ́ ṣíṣe iṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Bí a bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 pọ̀ sí i fún un.

Ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan ní Japan fi bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ hàn wá. Miwa Sado jẹ́ akọ̀ròyìn ọmọ ọdún 31 ní ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ NHK. Lẹ́yìn tó ti sáré kiri lórí ìròyìn ìdìbò méjì tó tẹ̀lé ara wọn, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje, ọdún 2013. Wákàtí 159 ló fi ṣe iṣẹ́ àfikún láàárín oṣù kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ní ọdún 2014, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pinnu pé iṣẹ́ àṣejù ló pa á. Ọdún 2017 ni NHK tó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ará Japan ní orúkọ fún irú ikú yìí: *karoshi*. Àwa kò ní orúkọ fún un. Ó sì ṣòro láti ka ohun tí kò ní orúkọ.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn lásìkò ìdìbò ní Nàìjíríà yóò mọ oṣù tí Sado lò yẹn. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí tiwa tún ní. Èkíní ni ẹ̀rọ amúnáwá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé ró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Yàrá ìgbóhùnsílẹ̀ jẹ́ yàrá tí a dí pa kí ariwo má baà wọlé. Bí a bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀, èéfín olóró tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, lè wọlé wá bá ẹni tó wà níwájú gbohùngbohùn. Orí fífọ́ àti oorun kíkùn ni àmì àkọ́kọ́, a sì sábà máa ń pe méjèèjì ní àárẹ̀.

Èkejì ni owó oṣù. Gbèsè owó oṣù jẹ́ ohun tí àwọn oníròyìn wa ti ń ráhùn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò pẹ̀lú, nítorí pé akọ̀ròyìn tí wọn kò san owó fún kò ní agbára láti kọ iṣẹ́ tó léwu. Òun ni yóò gun ọ̀kadà dípò ọkọ̀ tó dára. Òun ni yóò gba owó ìrìnnà lọ́wọ́ olóṣèlú tó pè é sóde, tí àwọn alátakò olóṣèlú náà yóò sì máa wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Ẹbí ń bẹ nílé, ebi kò sì mọ ọjọ́ tí gbèsè yóò san.

5. Ẹrù olùtúmọ̀ ìròyìn

Ewu Lóńgẹ́ kan wà tó kan àwọn tó ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́ ní tààrà, tí n kò sì rí i kà nínú àwọn ìwé wa. Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo máa ń ka ìròyìn lópin ọ̀sẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Àwọn tó kú lé ní 40. Èmi ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn náà fi dé orí tábìlì mi, mo sì ní láti sọ ọ́ di Yorùbá kí aago méje tó lù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn ń lò ní àwọn ọ̀rọ̀ tútù tó máa ń gbé ikú jìnnà sí ẹni tó ń kà á. Èdè Yorùbá náà ní àdàpè: ọba a máa wàjà, àgbà a máa papòdà, a sì lè sọ pé ẹ̀mí ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ ilé ìjọsìn kò ṣòfò lásán. Ènìyàn ló pa wọ́n. Bí mo bá ní "wọ́n kú", ó dà bí ìgbà tí àìsàn pa wọ́n. Bí mo bá ní "wọ́n pa wọ́n", gbólóhùn tó tẹ̀lé e yóò béèrè bí wọ́n ṣe pa wọ́n. Kí n tó lè yan ọ̀rọ̀ kan, mo ní láti fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n wọn ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn, kí n sọ ọ́ nù, kí n tún wo ohun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Olùtúmọ̀ ní láti tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹ̀dá lọ́kàn ara rẹ̀ kó tó lè sọ ọ́. Mo kà á ní aago méje, mo tún un kà ní aago mẹ́wàá.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà, n kò sì sùn ní òru kejì. Nígbà tí mo sọ fún àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́, ó fi ìfẹ́ dá mi lóhùn pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ó gbà pé bí mo bá ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mélòó kan, ara mi yóò mọ́ ọn. Ohun tí ìwádìí sọ yàtọ̀ sí èyí. Anthony Feinstein, onímọ̀ ìlera ọpọlọ ní Yunifásítì Toronto, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014 lórí àwọn akọ̀ròyìn 116 tí wọ́n ń jókòó sí ọ́fíìsì wo àwòrán ìwà ipá tí ará ìlú ń fi ránṣẹ́. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá ṣe ń wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ tó, ni ìdààmú ọkàn rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2002, Feinstein àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ìdá 28.6 nínú 100 àwọn akọ̀ròyìn ojú ogun tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti ní àìsàn ọgbẹ́ ọkàn tó ń tẹ̀lé ìrírí búburú rí ní ìgbésí ayé wọn. Ojú tó ń rí òkun lójoojúmọ́ lè má bẹ̀rù mọ́ níta. Iyọ̀ òkun ṣì ń jẹ ẹ́ nínú.

Ìwádìí lórí àwọn olùtúmọ̀ ìròyìn lédè abínibí Áfíríkà yóò wúlò gan-an. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ló sì lè ṣe é, nítorí pé àwa la mọ iye ìgbà tí olùtúmọ̀ ní láti wo ìṣẹ̀lẹ̀ kó tó rí ọ̀rọ̀ kan mú.

6. Ohun tí òfin sọ

Òfin tó de ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987, ka ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé mọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó ń ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìsàlẹ̀ ilé ní ààbò òfin yìí. Akọ̀ròyìn tó jókòó sí yàrá ìròyìn ní òkè ilé kan náà kò sí nínú àpèjúwe rẹ̀. Òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Oyè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí oníròyìn fi ń yangàn lè tipa bẹ́ẹ̀ di ohun tó tì í síta.

Òfin tó súnmọ́ wa jù lọ ni èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún àwọn òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ yóò máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ohun mẹ́rin nínú òfin yìí yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìròyìn mọ̀. Àkọ́kọ́, ó ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́, níwọ̀n bí àdéhùn bá ti wà, ìbáà ṣe àdéhùn ẹnu. Èkejì, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó farapa níta ọ́fíìsì bí iṣẹ́ bá ló gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó ka ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ilé òṣìṣẹ́ àti ibi iṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, abala 8 rẹ̀ gbà pé másùnmáwo tó wá láti ẹnu iṣẹ́, tí dókítà sì jẹ́rìí sí, yẹ fún owó gbà-má-bínú.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo èyí tó kẹ́yìn yìí. Òfin ilẹ̀ wa ti gbà láti ọdún 2010 pé iṣẹ́ lè ṣe ọkàn ní ọgbẹ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń ka ìròyìn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òfin náà ní yàrá ìròyìn rí. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìjàǹbá tó agbanisíṣẹ́ létí. Ẹni tí kò mọ̀ pé òfin wà kò lè ka ọjọ́.

Ihò ńlá kan wà nínú òfin náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń gbọ́ ohùn wọn lórí rédíò Yorùbá jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó dá dúró. Wọ́n ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n ń wá olùpolówó fúnra wọn, wọn kò sì ní agbanisíṣẹ́ lójú òfin. Ohùn wọn ló ń fa olùgbọ́ wá sí ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ẹnu géètì rẹ̀, àlejò ni wọ́n.

7. Ohun tó ṣe é ṣe

Àwọn alákòóso ilé-iṣẹ́ kéékèèké yóò béèrè pé, owó dà? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò gba owó púpọ̀, àwọn Yorùbá sì ti ń ṣe irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ mìíràn.

Nínú iṣẹ́ oko, àáró wà: ènìyàn kì í dá wọ igbó ńlá. Ìlànà kan náà lè sọ pé a kò ní rán ẹnikẹ́ni nìkan lọ sí ibi ìfẹ̀hónúhàn tàbí ibi ìdìbò, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ lọ rárá bí kò bá sí àgbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí olóòtú tó rán ènìyàn jáde, kó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀: Kí ló lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ta ni yóò bá a lọ? Báwo ni yóò ṣe padà? Aago mélòó ni yóò pè wá? Ta ni a ó pè bí kò bá pè? Bébà kan àti bírò kan ló gbà.

Àwọn ọdẹ náà ní ohun tí wọ́n lè kọ́ wa. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sin ín ní ìdákẹ́jẹ́; wọn a ṣe ìpà ọdẹ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, àwọn tó kù láàyè a sì jọ fi ohùn gbé ìbànújẹ́ náà jáde. Ẹ̀sìn àti ìṣẹ̀ṣe tó so mọ́ ayẹyẹ náà jẹ́ ti àwọn ọdẹ. Ọgbọ́n inú rẹ̀, pé a kì í fi ẹnì kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun búburú tó rí, lè wúlò ní yàrá ìròyìn. Ìjókòó ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn ìròyìn ńlá, tí olóòtú yóò ti bi ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ pé "Ṣé àlàáfíà ni?", tí yóò sì dúró gbọ́ èsì, yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Kí ẹlòmíràn sì ka ti aago mẹ́wàá.

Àwọn mìíràn gba owó díẹ̀: kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ògiri àti fèrèsé, kí a ra ẹ̀rọ kékeré tó ń kìlọ̀ nípa èéfín olóró, kí ọkọ̀ wà fún àwọn òṣìṣẹ́ òru tàbí kí ibùsùn wà fún wọn dé òwúrọ̀. Èyí tó gba owó jù lọ ni kí a san owó oṣù lásìkò, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ àwọn yòókù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíkọ iṣẹ́. Yorùbá ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a bá rán gẹ́gẹ́ bí ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti padà wá sọ pé ọ̀nà náà kò dára. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi ibi iṣẹ́ tó láàbò kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Akọ̀ròyìn tó bá sọ pé òun kò lè lọ nítorí ewu kì í ṣe ojo, a kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn dín ipò rẹ̀ kù.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ewu méjì ló wà lóko yìí, pé òfin ti dárúkọ èyí tó pọ̀ nínú wọn, àti pé àìmọ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ló ń jẹ́ kí èyí tó jẹ́ ti Lóńgẹ́ máa bá a lọ. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olóòtú jẹ́ àgbà lọ́jà yìí. Olùkọ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé náà jẹ́ ọ̀kan.

Láti ọdún tó kọjá, mo ti fi ìlà mẹ́ta kún ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gbé lọ. Ìlà àkọ́kọ́ béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń san owó sí àpò NSITF. Èkejì béèrè orúkọ àgbà tí yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹ̀kẹta béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣiṣẹ́ alẹ́ yóò ṣe délé. Ilé-iṣẹ́ méjì dá ìwé náà padà láìkọ nǹkan kan sí àwọn ìlà yìí. N kò fọwọ́ sí i.